Itẹ́ Àwọn Àgùdà ní Ẹ̀gbẹ́ Oko Iṣu Wa

Ohùn méjì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Kambolé. Àkọ́kọ́ ni ti búùtà Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, nígbà tó bá ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ògiri: omi á dún ṣọ̀ọ̀, á dákẹ́, á tún dún. Èkejì ni ti Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, tó ń kúnlẹ̀ nínú yàrá, tó ń sọ pé "Mo kí ọ, Màríà" léraléra, kíákíá, bí ẹni tó ní ìkòkò lórí iná. Ọ̀kan ń kírun, èkejì ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, kò sì sí ẹni tó rí ohun kan wí sí i. Àwa ọmọ rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé rí. Ìgbà tí mo dàgbà tí mo lọ ń gbé ní Sokodé ni mo tó rí i pé àwọn èèyàn máa ń la ẹnu sílẹ̀ bí mo bá sọ pé Ìmọ̀lé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ "Mo kí ọ, Màríà" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má bi mí bóyá ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ilé tí wọ́n bí mi sí nìyẹn.

Ìyá Àgbà wá láti òdì kejì bọ́dà, ní apá Bàǹtẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè wa bí ẹni ń kọrin. Obìnrin pupa kékeré ni, ẹnu rẹ̀ kì í dá. Bí o bá jẹun yára, á ní, "Ta ló ń lé ọ?" Bí o bá jẹun díẹ̀, á ní, "Ta ló bú ọ?" Kó tó gbà láti fẹ́ Bàbá Àgbà, ó ní kí wọ́n ṣe àdéhùn lójú ìyá òun: àwọn ọmọkùnrin á tẹ̀lé bàbá wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn ọmọbìnrin á tẹ̀lé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Àgbà gbà. Ọlọ́run wá fún wọn ní ọkùnrin, ọkùnrin, ọkùnrin, pẹ̀lú obìnrin kan ṣoṣo, Mọ́níkà. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi igbá kékeré pọnmi ni ibà mú un, kò sì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Kó tó di ìgbà náà, àwọn Àgùdà ìlú wa, tí wọn kò ju ìdílé mélòó kan lọ, kò ní itẹ́ òkú. Ìlú Tchamba ni wọ́n ń gbé òkú wọn lọ. Lọ́jọ́ tí Mọ́níkà kú, Bàbá Àgbà dìde, ó gé igun oko iṣu rẹ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n máa sin òkú wọn síbẹ̀. Bí itẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Mọ́níkà ni wọ́n sì kọ́kọ́ sin síbẹ̀. Gbogbo ìlú ló ń yin Bàbá Àgbà títí mo fi gbọ́njú. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n má fi sìmẹ́ǹtì kọ́ ohunkóhun lé òkú lórí. Nítorí náà erùpẹ̀ lásán ni wọ́n ń kó jọ sórí ibojì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá fi igi ṣe àgbélébùú, ikán á sì jẹ ẹ́.

Àṣà wa ni pé òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n máa sin ín sí. Yàrá ni wọ́n fi Ìyá Àgbà sí lọ́jọ́ náà, àwọn obìnrin dì í mú. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n tó fi ibojì hàn án. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ Tùsáǹ bá ti dé, ọjọ́ táwọn Àgùdà ń rántí òkú wọn, á mú ọkọ́, á mú omi, á lọ. Nígbà tí mo tó rìn, èmi ló ń mú dání. Á tu koríko, á wọ́n omi, á wá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á máa rò fún Mọ́níkà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń sọ ọ́: "Mọ́níkà, bàbá rẹ tún ti ń bínú sí ọbẹ̀ mi o. Ó ní iyọ̀ pọ̀. Ṣé ìwọ náà gbà pé iyọ̀ pọ̀?" Á dẹtí sílẹ̀. Á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ lu ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì náà, á kọjú sí mi: "Sàfúrà, ibí ni wọ́n á sin mí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi. Bí wọ́n bá sin mí síbòmíràn, màá jáde wá bá gbogbo yín." Ẹ̀rù á bà mí, òun á sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò fi ṣeré rárá. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ láyé rẹ̀ tó kù ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Òjò ti lọ, ọyẹ́ ti dé, iná sì ti jó igbó ẹ̀yìn oko kọjá. Bàbá Àgbà bẹ ọ̀wẹ̀ kí wọ́n bá a kọ ebè tuntun. Àwọn géńdé láti ìlú Goubi wá, wọ́n pọ̀, wọ́n ń kọrin bọ̀ láti ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ́ lórí èjìká. Nílé, odó mẹ́ta ló ń dún lẹ́ẹ̀kan náà fún iyán wọn, Ìyá Àgbà sì ń dín wàgásì, wàrà màlúù tó dì, nínú epo ẹ̀pà. Háà, òórùn wàgásì yẹn! Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló yẹ kó fi ibi iṣẹ́ hàn àwọn ará Goubi, ṣùgbọ́n ó ń pa awó lẹ́yìn ilé. Bàbá Àgbà pè mí, ó ní, "Mú wọn lọ. Sọ fún wọn kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nídìí igi ẹ̀mí, kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ sọ́nà odò." Mo ní, "Ó dáa, Bàbá." Mo sáré ṣáájú wọn. Ọ̀rọ̀ wàgásì ló wà lọ́kàn mi, nítorí àwọn tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé e kúrò nínú epo ló ń jẹ èérún rẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí igi ẹ̀mí, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ẹni tó ṣáájú wọn bi mí, "Apá ibo?" Mo ju ọwọ́ sẹ́yìn, mo ní, "Ibẹ̀ yẹn," mo sì ti yí padà, mo ti ń sáré lọ ilé. N kò wo ibi tí ọwọ́ mi nà sí.

Ẹni tó bá mọ oko iṣu á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà itẹ́ ni ọwọ́ mi nà sí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti dúdú nítorí iná. Ikán ti jẹ àgbélébùú àwọn ibojì àtijọ́, iná sì ti jó èyí tó kù. Ohun tí àwọn géńdé yẹn rí ni ebè ọdún tó kọjá tí wọ́n ti wa iṣu rẹ̀ tán, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ní ìlà ní ìlà. Ohun tí àgbẹ̀ sì ń ṣe sí ebè àtijọ́ ni pé á là á sí méjì, á kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí tuntun. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Wọ́n kọrin, wọ́n ń la àwọn baba àti ìyá àwọn ẹlòmíràn sí méjì, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa, nítorí àwọn ará Goubi kì í ṣe ọ̀lẹ.

Èmi àti Ìyá Àgbà la gbé oúnjẹ lọ nígbà tí oòrùn dé àtàrí. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti ṣàkíyèsí pé orin ti dákẹ́. Wọ́n dúró yí nǹkan kan ká. Ìyá Àgbà ru agbada iyán, ó ń rìn bọ̀, ó ń ṣàwàdà sí wọn pé, "Ẹ̀yin ọkọ mi, ebi ti pa yín débi pé ẹ kò lè kọrin mọ́ ni?" Lójijì ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó wo igi ẹ̀mí, ó wo ilẹ̀, ó tún wo igi ẹ̀mí. Ó sọ agbada kalẹ̀, kò gbé e kalẹ̀, ó sọ ọ́ ni, iyán yí sínú eérú.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí," ó ní. "Kí lẹ ṣe? Kí lẹ ṣe níbí?"

Ẹni tó ṣáájú wọn dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ìyá, a kò mọ̀. Ọkọ́ ló dún lórí nǹkan. A rò pé òkúta ni, a ní ká yọ ọ́. A wá rí pákó." Nínú ihò náà, tí kò jìn ju orúnkún lọ, pákó tó ti rà wà níbẹ̀, ìṣó tó ti dípẹtà, àti aṣọ funfun tó ti di eruku. Láàárín aṣọ náà ni ọlọ ata wà. Ọlọ lásán, òkúta pẹlẹbẹ tí àwọn obìnrin fi ń lọ ata. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì wá inú erùpẹ̀ yẹn. Ó wá a títí. Ó wá a bí ìgbà tí òrùka bá bọ́ sínú ìyẹ̀fun. Kò sí egungun, kò sí ehín, kò sí irun. Nígbà náà ló wá gbé ọlọ náà sórí itan rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu igun rẹ̀ kan tó ti ṣá. Ó ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Ọlọ mi nìyí. Ọlọ tí ìyá mi fún mi láti Bàǹtẹ̀ nìyí."

Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láti ìgbà náà. Mo ti rí ọkọ̀ tó dànù lójú títì Sokodé, mo ti rí ọjà tó jó. Kò sí èyí tó mú àyà mi dúró bíi ti ìṣẹ́jú yẹn, tí mo ń wo Ìyá Àgbà tó gbé òkúta lé itan bí ẹni gbé ọmọ.

Bàbá Àgbà dé lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ẹnì kan ti sáré lọ pè é. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó fi rí ọlọ náà. Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ ṣubú, òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣáa. Ìyá Àgbà wò ó. Láyé mi, n kò gbọ́ rí kó pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ". "Bàbá Rájí" ló ń pè é, orúkọ bàbá mi, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà ó ní, "Ìwọ. Mọ́níkà dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà," ni Bàbá Àgbà wí. Kò gbójú sókè. "Ó ní ẹ̀jẹ̀ òun kò ní sùn lábẹ́ àgbélébùú. Kí wọ́n tó gbé àpótí dé láti Tchamba, wọ́n ti wẹ ọmọ náà, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Àpótí wá dé. Katesíìsì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àdúrà. Ìwọ ń ké nínú yàrá. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe."

"Ìwọ lo gbé ọlọ sí i?"

"Èmi ni."

"Ìwọ lo kàn án?"

"Èmi ni mo kàn án."

"Mo bi ọ́ léèrè ọlọ yẹn," ni Ìyá Àgbà wí. "Mo wá a kiri ilé pẹ̀lú ọ̀fọ̀ lójú. O ní ewúrẹ́ tì í ṣubú, ó fọ́. O ní o ti kó o dànù." Ó mí. "Nítorí náà lẹ ò ṣe gbẹ́ ihò jìn. Ta ló máa gbẹ́ ihò jìn fún ọlọ? Níbo ni wọ́n sin ọmọ mi sí?"

"Ní itẹ́ tiwa."

"Mo mọ̀ pé itẹ́ yín ni. Ibo nínú rẹ̀?"

Àwọn ará Goubi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ń tì wọ́n láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé onílé. Bàbá Àgbà wá ní, "N ò mọ̀. Wọ́n ní kí bàbá ọmọ má tẹ̀lé e, n kò tẹ̀lé e. Mò ń sọ pé màá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, màá béèrè, títí ó fi kú." Ìmọ̀lé ìlú wa kì í kọ orúkọ sórí ibojì, a kì í gbé àmì sí i. Ìyá Àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe yé e díẹ̀díẹ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni láyé yìí tó lè fi ìka tọ́ka síbi tí ọmọ rẹ̀ wà. Kò ké. Ìbá ṣe pé ó ké ni! Ó kàn dìde, ó gbé ọlọ rẹ̀ rù, ó lọ ilé, iyán ọ̀wẹ̀ sì wà nínú eérú níbẹ̀ fún àwọn adìyẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà ń ku ìyẹ̀fun bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bàbá Katesíìsì, ẹni tó ń darí àdúrà àwọn Àgùdà ìlú wa, ti wá láti pariwo lé Bàbá Kékeré lórí, pé òun ló fi ibi tí kò tọ́ hàn àwọn ará Goubi. Bàbá Kékeré ń búra pé òun kò tilẹ̀ bá wọn dé oko. Mo rìn lọ bá Ìyá Àgbà, mo ní, "Ìyá, èmi ni. Èmi ni mo na ọwọ́ sọ́nà ibẹ̀. Wàgásì ni mò ń sáré lọ jẹ." Mo ti fún ara mi pọ̀ de ẹgba. Ó dá ajọ̀ dúró, ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ìwọ, Sàfúrà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí bàbá ńlá rẹ rò pé o jíṣẹ́ òun bó ṣe rán ọ, pé Ọlọ́run ló ṣe é." Ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ku ìyẹ̀fun. Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, n kì í mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n bẹ̀rù obìnrin náà.

Wọ́n tún itẹ́ ṣe. Mọ̀pẹ́, bí a ṣe ń pe àlùfáà àwọn Àgùdà, wá láti Tchamba, ó wọ́n omi mímọ́ sí gbogbo ilẹ̀. Bàbá Katesíìsì fi ẹsẹ̀ wọn ibẹ̀ láti ìdí igi ẹ̀mí, ó ń pe orúkọ òkú kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹbí sì ń kó erùpẹ̀ jọ. Àwọn àgbẹ̀ Kabiyè, ẹ̀yà mìíràn tó ń dáko lọ́dọ̀ wa, tó ní òkú níbẹ̀ bínú gidi, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ihò Mọ́níkà nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n lè kó erùpẹ̀ lé lórí. Nílé, Ìyá Àgbà gbé ọlọ náà sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, níbi tí Bàbá Àgbà ní láti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń gbé e fún un ní ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tí kì í dá yẹn dá. Mo gbọ́ búùtà láàárọ̀, n kò gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e mọ́. Ṣé ó ṣì ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀? N kò mọ̀. Ó ń rù. Kó tó di pé òjò padà dé, ó ti di ẹni tí a ń gbé jókòó.

Nígbà tó rí i pé kò ní pẹ́ mọ́, ó ní kí wọ́n pe Bàbá Katesíìsì wá, kí Bàbá Àgbà náà jókòó síbẹ̀. Èmi ni mò ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Bàbá Katesíìsì bi í pé níbo ló fẹ́ ká sin ín sí báyìí, ṣé ká gbé e padà sí Bàǹtẹ̀ ni. Ó ní, "Ihò yẹn. Ẹ gbẹ́ ẹ jìn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ ná." Ó sinmi díẹ̀. "Ẹ gbọ́ o. Ẹ má kan àpótí mi nílé. Ẹ gbé e ní ṣíṣí dé ẹnu ihò. Kí gbogbo ẹni tó wá wò ó, kí wọ́n rí i pé èmi ni, kí ẹ tó kàn án. N kò fẹ́ kí ọmọ mi kankan máa kúnlẹ̀ fún òkúta." Bàbá Katesíìsì wo Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà ní, "Bó ṣe sọ ọ́ ni ká ṣe."

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe. Lábẹ́ oòrùn, níwájú àwọn Àgùdà àti gbogbo Ìmọ̀lé tó bá ilé wa tan, àpótí wà ní ṣíṣí lórí koríko. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Bàbá Àgbà jáde láàárín àwọn ọkùnrin, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí ìyàwó rẹ̀. Ó yíjú sí wa, ó pariwo kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́ pé, "Òun ni! Òun ni mo rí!" Lẹ́yìn náà ni ẹkún gbà á. Ẹkún ńlá, ẹkún tí mo rò pé ó ti ń bọ̀ láti ọjọ́ àpótí ti Tchamba. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ lọ dì mọ́ ọn. Mo ti dàgbà ju bó ṣe wà lọ́jọ́ náà lọ ní báyìí, n kò sì tíì dárí jì í tán. A tò, a wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ọmọdé àti àgbà, kí wọ́n tó kàn án.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkùnrin Kabiyè kan kú, ìyàwó rẹ̀ sì ní kí wọ́n ṣí i fún òun náà lẹ́nu ihò. Ta ló máa sọ pé rárá fún un? Ẹni tó kú tẹ̀lé e náà, wọ́n ṣí i. Láti ìgbà náà wọn kò kan àpótí nílé mọ́ ní itẹ́ Àgùdà Kambolé. Láìpẹ́ yìí mo gba mọ́tò láti Sokodé lọ síbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀. Mọ̀pẹ́ tuntun ni wọ́n ní, ọ̀dọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ṣí ìwé rẹ̀ láti máa kà, ó wá rí i pé àwọn èèyàn ti tò. Ó bi ìyá àgbàlagbà kan tó wà níwájú mi, "Màmá, kí lẹ ń ṣe? Kí ló dé tí àpótí ṣì wà ní ṣíṣí?" Ìyá náà wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí kò lọ sékọ̀ọ́lù. Ó ní, "Mọ̀pẹ́, ẹ ò mọ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Róòmù." Àwọn tó kù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mọ̀pẹ́ wojú mi, èmi tí mo wọ ìbòrí Ìmọ̀lé, bóyá ó rò pé èmi á sọ òótọ́ fún òun. Ìlà sún, mo sún. Nígbà tó kàn mí, mo bẹ̀rẹ̀, mo wo inú àpótí náà dáadáa. Ènìyàn ló wà níbẹ̀.